Nọ́ọ̀sì Mẹ́fà Ni Mo Ní Kí Wọ́n Fún Wa

Mẹ́mò àkọ́kọ́ tí mo kọ sí ọ̀gá àgbà ilé ìwòsàn wa ní Àbújá kò kún ojú ewé kan. Mo ní iṣẹ́ ti pọ̀ jù ní klíníìkì àwọn aláìsàn ọpọlọ, mo ní ó ti rẹ àwọn nọ́ọ̀sì, mo ní kí wọ́n fún wa ní nọ́ọ̀sì mẹ́fà sí i. Mo fọwọ́ sí i, mo lù ú ní òǹtẹ̀, mo fi ránṣẹ́. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló padà sọ́dọ̀ mi. Wọ́n ti fi bírò pupa bèèrè ìbéèrè kan sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀: báwo lẹ ṣe mọ̀ pé mẹ́fà ni?

Inú bí mi. Mo ní ẹni tó kọ nǹkan yẹn kò tíì jókòó sí bẹ́ǹṣì wa lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun rí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun ni klíníìkì ńlá. Kí aago méje tó lù, bẹ́ǹṣì ti kún, àwọn tó kù á ti bọ́ sábẹ́ igi máńgòrò níta, ìyá di ọmọ lọ́wọ́ mú, ọkọ ń bẹ ìyàwó, ẹ̀gbọ́n ń ṣọ́ àbúrò tí kò fẹ́ wá. Wọ́n ń ti Mararaba wá, wọ́n ń ti Suleja àti Keffi wá, a tiẹ̀ ní àwọn tó ń ti Lokoja bọ̀, tí wọ́n á ti sùn sílé ìbátan lálẹ́ ọjọ́ Ajé. Nọ́ọ̀sì mẹ́rin la jẹ́, èmi náà wà nínú ẹ̀. Mo rò pé ẹni tó bá lójú kò nílò ìṣirò.

Ẹ̀gbọ́n kan wà ní ẹ̀ka tó ń ṣètò òṣìṣẹ́, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún ni, ó ku ọdún kan kó fẹ̀yìn tì nígbà náà. Mo gbé mẹ́mò náà tọ̀ ọ́ lọ pé kó bá mi bínú. Ó kà á, ó rẹ́rìn-ín.

"Mátírọ́ọ̀nù, ta ló sọ fún yín pé mẹ́fà ni?"

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin náà ṣáà ń rí èrò."

"Mo rí èrò. Èrò kọ́ ni wọ́n bi yín. Iṣẹ́ wo lẹ̀ ń ṣe fún èrò náà? Ẹ kà á fún mi lọ́kọ̀ọ̀kan."

Mo kà á: a ń wọn ìfúnpá, a ń gún abẹ́rẹ́, a ń fọ̀rọ̀ wá ẹni tuntun lẹ́nu wò kó tó dé ọ̀dọ̀ dókítà, a ń yẹ oògùn wò, a ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Iṣẹ́ márùn-ún. Ó ní ó dáa. Ó wá bi mí pé ta ló ń wá fáìlì. Ta ló ń túmọ̀ èdè. Ta ló ń pe ẹni tó yẹ kó wá gba abẹ́rẹ́ tí kò wá. Ta ló ń jókòó ti ẹni tó ń bínú lẹ́yìn títí ara rẹ̀ á fi balẹ̀. Mo dákẹ́. Àwa náà ni, mi ò sì ronú kan ọ̀kankan nínú wọn rí gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́.

Ọ̀nà tó fi hàn mí láti mọ iye òṣìṣẹ́ tí iṣẹ́ nílò kì í ṣe tiẹ̀. Àjọ Ìlera Àgbáyé ló là á sílẹ̀, WISN ni wọ́n ń pè é, ìwé ìlò rẹ̀ tí wọ́n tún ṣe sì jáde ní 2010. Kì í ka orí èèyàn, ìṣẹ́jú ló ń kà. Wàá mọ iye wákàtí tí òṣìṣẹ́ kan ní lọ́dún lóòótọ́, wàá mọ iye ìṣẹ́jú tí iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan ń gbà tí a bá ṣe é bó ṣe yẹ, wàá mọ iye ìgbà tí ẹ ṣe é lọ́dún, wàá wá pín in. Lẹ́nu, ó dùn. Mo ra ìwé éksásáìsì kan, mo so bírò mọ́ ọn, mo ní ká bẹ̀rẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, a kó o dànù. Àwọn nọ́ọ̀sì mi rò pé mo ń ṣọ́ wọn fún ọ̀gá ni. Bí wọ́n bá ti rí mi pẹ̀lú ìwé, ẹsẹ̀ wọn á yá, abẹ́rẹ́ tí ń gbà wọ́n ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá á parí ní mẹ́ta. Ọ̀kan nínú wọn, tó gbọ́n jù wọ́n lọ, ṣe é sí òdìkejì: ó fa iṣẹ́ tiẹ̀ gùn kí ìṣirò lè fi hàn pé iṣẹ́ pọ̀. Mo pè wọ́n jókòó, mo ra ẹ̀wà àti dòdò, mo ṣàlàyé ohun tí mo ń wá, mo sì fi ìwé náà lé wọn lọ́wọ́ kí wọ́n máa kọ tiwọn fúnra wọn. Láti ọ̀sẹ̀ kejì lohun tí a kọ ti jọ òótọ́.

Obìnrin kan láti Keffi ló kọ́kọ́ là mí lójú. Abẹ́rẹ́ tó máa ń pẹ́ lára ni ọmọkùnrin rẹ̀ ń gbà lẹ́ẹ̀kan lóṣù, ara ọmọ náà sì ti balẹ̀ dáadáa, ó ń bá ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ta páànù. Wọ́n ti jí kúrò nílé kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà. Mo wo aago lórí fóònù mi. Fáìlì ọmọ náà, ìṣẹ́jú méjìdínlógójì la fi wá a. Musa Ibrahim lorúkọ rẹ̀, fáìlì àwọn tó ń jẹ́ Musa Ibrahim nìkan sì fẹ́rẹ̀ẹ́ kún ṣẹ́ẹ̀fù kan lọ́dọ̀ wa, Ibrahim Musa ṣì wà lọ́tọ̀. Òṣìṣẹ́ rẹ́kọ́ọ̀dù kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀, ló bá ní kí nọ́ọ̀sì wá bá òun wá a. Nígbà tí a rí i, abẹ́rẹ́ fúnra rẹ̀ pẹ̀lú ìbéèrè tó yẹ ká bi ọmọ náà, ìṣẹ́jú méjìlá. Ìyá náà dúpẹ́ lọ́wọ́ mi bí ẹni pé mo ṣe é lóore. Ojú tì mí.

Ọ̀rọ̀ èdè ló wá tẹ̀ lé e, òun ló sì dùn mí jù. Arò ní Abẹ́òkúta ni mo ti kọ́ṣẹ́ nọ́ọ̀sì ọpọlọ. Níbẹ̀, tí mo bá fẹ́ mọ̀ bóyá aláìsàn ń gbọ́ ohùn, màá bi í lédè tí ìyá rẹ̀ fi ń bá a sọ̀rọ̀, ó parí. Ní Àbújá, Haúsá tèmi kò kọjá ti ọjà. A kò ní ògbufọ̀, kò sí irú ipò bẹ́ẹ̀ nínú ìwé kankan. Hajiya tó ń gbálẹ̀ ni ògbufọ̀ wa. Tó bá wà ní ilé ìgbọ̀nsẹ̀ pẹ̀lú gárawá, a ó pè é, á fọwọ́, á wá.

Lọ́jọ́ kan, mo ní kó bá mi bi àgbẹ̀ kan bóyá ó ń gbọ́ ohùn tí ẹlòmíràn kò gbọ́. Hajiya bi í. Ọkùnrin náà sọ̀rọ̀ títí, ó nawọ́ sí òrùlé, ó fọwọ́ sáyà, omi lé sójú rẹ̀. Hajiya kọjú sí mi, ó ní: "Ó ní òun ò rí oorun sùn dáadáa."

Mo ní, "Hajiya, gbogbo ohun tó sọ nìyẹn?"

Kò wò mí lójú. Ìgbà tí ọkùnrin náà jáde ló tó jẹ́wọ́. Àdúgbò kan náà ni wọ́n ń gbé. Ọ̀rọ̀ àlùjànnú ló sọ, pé wọ́n ń pe orúkọ òun lórí òrùlé láti ìgbà tí ẹ̀gbọ́n òun ti kú. Hajiya kò fẹ́ kí n kọ wèrè sí ìwé aládùúgbò òun. Mo yẹ fáìlì rẹ̀ wò: ó ti lé lọ́dún kan tí a ti ń fún un ní oògùn oorun àti oògùn ìbànújẹ́.

Mi ò bá Hajiya jà. Kí ni mo fẹ́ sọ? Iṣẹ́ tí a kò gbà á fún, tí a kò kọ́ ọ, tí a kò sanwó rẹ̀, òun ni mo fi ọ̀rọ̀ ọpọlọ èèyàn lé lọ́wọ́. Nínú ìwé éksásáìsì wa, mo kọ ọ́ pé ìbẹ̀wò tó ń gbà wá ní ìṣẹ́jú mẹ́wàá ń gba ogún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ tí ògbufọ̀ bá wà láàárín, àti pé ilé ìgbọ̀nsẹ̀ wà níbẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kò fọ̀ ní gbogbo àsìkò yẹn.

Nígbà tí ìwé kún, mo gbé e lọ bá Ẹ̀gbọ́n. Mo ti ṣe ìṣirò tèmi: ọ̀sẹ̀ méjìléláàádọ́ta lónà ọjọ́ márùn-ún, ọjọ́ 260, wákàtí mẹ́jọ lóòjọ́, wákàtí 2,080 lọ́dún fún nọ́ọ̀sì kan. Ó ní ṣé nọ́ọ̀sì tèmi kì í lọ lìífù ni. A jọ yọ ọ́: lìífù ọjọ́ 30, ọjọ́ ìsinmi ìjọba 12, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ 6, àìsàn àti ìnáwó ilé 6. Ọjọ́ 206 ló kù, ìyẹn wákàtí 1,648. Ìyàtọ̀ tó wà láàárín méjèèjì lé ní irinwó wákàtí, mo sì ti fẹ́ máa bá àwọn èèyàn mi wá a pé níbo ni wọ́n gbé e sá sí.

Mo ní kó tún yọ wákàtí kan lóòjọ́ fún gosiló Nyanya, nítorí méjì nínú àwa mẹ́rin ló ń gbé lójú ọ̀nà Mararaba. Ó kọ̀. Ó ní tí mo bá kọ gosiló sínú mẹ́mò, bírò pupa á tún padà wá, àti pé ìyẹn kì í ṣe ọ̀rọ̀ iye òṣìṣẹ́, ọ̀rọ̀ aago ni. Ó tọ̀nà. A ní kí àwọn tó ń gbé ní Kubwa wọlé ní aago mẹ́jọ, kí àwọn ará Mararaba wọlé ní mẹ́sàn-án àbọ̀ kí wọ́n sì lọ ní márùn-ún àbọ̀, ká sì fi abẹ́rẹ́ ọ̀sán sí ọwọ́ wọn. Ìyẹn kò ná ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, ó sì ti yẹ ká ti ṣe é tipẹ́.

Lẹ́yìn ìyẹn ìṣirò rọrùn. Wákàtí 1,648 jẹ́ ìṣẹ́jú 98,880. Tí abẹ́rẹ́ bá ń gba ìṣẹ́jú méjìlá, nọ́ọ̀sì kan tí kò ṣe nǹkan mìíràn lè gún 8,240 lọ́dún. Tí ẹ bá gún 2,060, ìdá mẹ́rin nọ́ọ̀sì kan lẹ lò fún abẹ́rẹ́. Bẹ́ẹ̀ la ṣe ń lọ láti orí iṣẹ́ kan bọ́ sí èkejì. Nígbà tí a ro gbogbo iṣẹ́ tó jẹ́ ti nọ́ọ̀sì gan-an pọ̀, nọ́ọ̀sì mẹ́rin ló já sí. Ìpàdé, ìròyìn oṣooṣù àti kíkọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń gba ìdá ogún nínú ọgọ́rùn-ún àkókò wa, mo bá fi ogún kún un, mo ní 4.8. Ẹ̀gbọ́n ní rárá. Tí ogún bá ti lọ, ọgọ́rin péré ló kù fún aláìsàn, mẹ́rin náà sì gbọ́dọ̀ jáde láti inú ọgọ́rin yẹn: mẹ́rin pín sí 0.8, ó di márùn-ún. Ó jọ nǹkan kékeré. Ní ilé ìwòsàn tó ní ọgọ́rin nọ́ọ̀sì, ẹ wo iye èèyàn tí ìyẹn jẹ́.

Nọ́ọ̀sì márùn-ún. A ní mẹ́rin. Ẹyọ kan ló kù, èmi tí mo kọ mẹ́fà.

Ibi tí ìṣòro wà ni rẹ́kọ́ọ̀dù, tí ó yẹ kó ní èèyàn mẹ́ta tó jẹ́ ẹnì kan ló wà níbẹ̀, àti òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re (social worker) tó gbọ́ Haúsá, tí yóò túmọ̀, tí yóò pe àwọn tí kò wá, tí yóò bá ẹbí jókòó. A kò ní rárá. Iṣẹ́ àwọn ẹni wọ̀nyẹn la ti ń ṣe, ló fi jọ pé nọ́ọ̀sì kò tó. Nígbà tí mo sọ ọ́ fún àwọn nọ́ọ̀sì mi, inú wọn kò dùn. Ọ̀kan bi mí pé ṣé mo ti di ti àwọn ará ọ́fíìsì ni. Mo lóye rẹ̀. Ẹni tí ẹ̀yìn ń ro, ẹ ò lè sọ fún un pé akọ̀wé ló nílò.

Ti àwọn dókítà tún lọ́tọ̀, ìjà ló sì dá sílẹ̀. Ní ọjọ́ èrò, ẹni tó ń padà wá ń rí dókítà fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ogójì èèyàn lónà márùn-ún, ìṣẹ́jú igba ni, dókítà kan tó fi wákàtí márùn-ún jókòó á parí rẹ̀, àyè á tún ṣẹ́ kù. Tí mo bá kọ márùn-ún sílẹ̀, ìṣirò á sọ pé dókítà ti pọ̀ jù. Àmọ́ ìwé WISN kò ní kí á wọn bí a ṣe ń sáré. Ó ní kí á wọn iye àkókò tí iṣẹ́ tó dáa ń gbà. Ọ̀gá dókítà wa ní mẹ́ẹ̀ẹ́dógún. Ogójì lónà mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹgbẹ̀ta ìṣẹ́jú, wákàtí mẹ́wàá: dókítà méjì. Ẹlòmíràn ní mẹ́wàá tó. Wọ́n fa ọ̀rọ̀ náà fún ìpàdé méjì gbáko. Èmi rántí òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari fọwọ́ sí ní January 2023, tó rọ́pò òfin ayé àtijọ́ tó ń pe aláìsàn ní wèrè. Ó ní kí á ṣàlàyé ìtọ́jú fún aláìsàn kí ó sì gbà á fúnra rẹ̀. Níbo ni ìyẹn ti máa wọ inú ìṣẹ́jú márùn-ún? Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún la kọ.

Ó wá ku owó. Níbẹ̀ ni mo ti kọ́ ohun tí ẹnikẹ́ni kò kọ́ mi nílé ẹ̀kọ́. Owó oṣù nọ́ọ̀sì kì í ṣe ohun tó wọ àkáǹtì rẹ̀ nìkan. Àjẹmọ́nú wà níbẹ̀, owó ewu iṣẹ́ wà níbẹ̀, ìdá mẹ́wàá tí agbanisíṣẹ́ ń san sí owó ìfẹ̀yìntì wà níbẹ̀. Ká ní gbogbo rẹ̀ pọ̀ jẹ́ 3,296,000 náírà lọ́dún. Ẹni tó bá pín in sí 2,080 á ní wákàtí kan kò tó 1,600 náírà. Pín in sí 1,648 tó jẹ́ òótọ́, ẹgbẹ̀wá náírà géérégé ni. Nítorí náà, nọ́ọ̀sì tó fi ààbọ̀ wákàtí wá fáìlì ti ná ẹgbẹ̀rún náírà kó tó fọwọ́ kan aláìsàn.

Mo gbé ìyẹn wọ ìpàdé bí ẹni gbé adé. Akáńtáǹtì wa gbọ́ mi parí, ó wá fi sùúrù ṣàlàyé pé ẹgbẹ̀rún náírà tí mò ń wí kì í ṣe owó ilé ìwòsàn. Láti IPPIS, ètò tí ìjọba àpapọ̀ fi ń san owó oṣù òṣìṣẹ́ rẹ̀, ni owó oṣù nọ́ọ̀sì ti ń wá nígbà náà, kò sí nínú ìwé tiwọn. Àmọ́ láti gba òṣìṣẹ́ tuntun sórí owó ìjọba, ìwé àyè, ìyẹn àṣẹ láti gbà á, ni ẹ máa tọrọ, ẹ ó sì dúró. Tí wọ́n bá sì gba akọ̀wé rẹ́kọ́ọ̀dù bíi káṣúà, inú owó tí ilé ìwòsàn ń pa wọlé fúnra rẹ̀ ni wọ́n ti máa san án, owó oṣù tó kéré jù sì ti di 70,000 náírà láti 2024. Ẹ rí i bí ó ṣe rí: lójú ìwé tiwọn, nọ́ọ̀sì olówó ńlá tó ń wá fáìlì jẹ́ ọ̀fẹ́, akọ̀wé olówó kékeré ló ń náni lówó. Kò sí ẹni ibi kankan nínú yàrá yẹn. Ẹnì kọ̀ọ̀kan ń wo àpò tó wà lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n nìkan ló bèèrè owó ọkọ̀ obìnrin ará Keffi. Nínú àpò ta ni ìyẹn wà? Ní Arò, ìtàn Ọ̀jọ̀gbọ́n Lambo, dókítà ọpọlọ, ni wọ́n fi ń kọ́ wa, bó ṣe fi àwọn aláìsàn wọ̀ sí àwọn abúlé tó yí Arò ká ní 1954, tí ìbátan kan sì ní láti bá aláìsàn wá gbé. Ẹbí ni òṣìṣẹ́ tí kò gba owó oṣù nígbà yẹn, òun náà sì ni títí di òní. Tí a bá dín òṣìṣẹ́ kù, iṣẹ́ náà kì í dín kù, ọ̀dọ̀ ìyá ló ń lọ. Mo kọ ìyẹn sí ìparí mẹ́mò kejì. Wọ́n ní kí n yọ ọ́ nítorí pé kò ní iye owó. Mo yọ ọ́.

Mẹ́mò kejì yẹn ojú ewé mẹ́rin ni. Nọ́ọ̀sì kan, rẹ́kọ́ọ̀dù méjì, afẹ́nifẹ́re kan, dókítà kan. Kò sí bírò pupa lórí rẹ̀ nígbà tó dé. Wọ́n fún wa ní akọ̀wé káṣúà kan, wọ́n sì gbé afẹ́nifẹ́re kan wá láti ẹ̀ka mìíràn, obìnrin tó dàgbà sí Zaria. Àwọn tó kù, wọ́n ní ká máa retí. Akọ̀wé náà fi nọ́ḿbà rọ́pò orúkọ lẹ́yìn fáìlì, oṣù méjì ló fi ṣe é, Musa Ibrahim àti Ibrahim Musa pínyà. Àgbẹ̀ tó ń gbọ́ ohùn lórí òrùlé ti ń gba oògùn tó tọ́ sí i. Ṣùgbọ́n tó bá dé, Hajiya ló ṣì máa ń kọ́kọ́ bèèrè, kó tó gbà láti bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀, ìṣẹ́jú mẹ́ta sì ni ìyẹn ń gbà. Mo ti kọ ọ́ sílẹ̀.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọ̀kan nínú àwọn nọ́ọ̀sì mi mú fọ́ọ̀mù kan wá kí n fọwọ́ sí i. Ìlú Ọba ló ń lọ. Ẹni tó fa iṣẹ́ gùn nígbà yẹn ni, kò sì sí ẹni tó mọ abẹ́rẹ́ gún tó o. Mo fọwọ́ sí i, mo kí i kú oríire, ó sì ti ọkàn mi wá. Mo wá ṣí ìwé éksásáìsì náà: mẹ́ta nínú márùn-ún, 0.6. Mo bi í pé ọjọ́ wo ló kẹ́yìn. Ó ní ọjọ́ Ẹtì. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun la wà, ọmọkùnrin ará Keffi ti jókòó, fáìlì rẹ̀ ti wà lórí tábìlì. Mo ní kó lọ gún abẹ́rẹ́ rẹ̀ fún un.